"I didn't went": ìdáhùn fún àfáà tó fẹ́ jókòó WAEC

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àfáà kan ní Òkèlele nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀yin ìyá wa tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti parí tánáwì (sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ilé kéú), mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ jókòó WAEC kí n lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òyìnbó ló ń dààmú mi. Wọ́n ní 's' ni wọ́n fi ń sọ nǹkan di púpọ̀, 'book' á di 'books', kí ló wá dé tí wọ́n tún ní kí n máa kọ 'he goes', ṣebí ẹnì kan ṣoṣo ni 'he'? Mo kọ 'I didn't went', bírò pupa. Mo kọ 'My father have travelled, they will come back next tomorrow', bírò pupa níbi mẹ́ta. Mo ti kó rúùlù sórí títí ó ti sú mi. Ṣé orí mi ni ò gbà á ni àbí mo ti dàgbà jù?"

Àfáà, ẹ kú ìbéèrè. Mo lè bí yín lọ́mọ ṣùgbọ́n àfáà ni yín, "ẹ" ni mo máa fi bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ "ẹ" yìí gan-an sì wà lára ohun tó kó bá yín nínú sẹ́ńtẹ́ǹsì bàbá yín yẹn, a máa débẹ̀. Ti pé ẹ dàgbà jù, ẹ gbé ìyẹn jù sílẹ̀ jàre. Orí tó gba sàráfù àti náhàwù, gírámà Lárúbáwá, títí dé tánáwì, kí ni gírámà Òyìnbó fẹ́ fi ṣe é? Ohun tí mo rí nínú ìbéèrè yín ni pé ẹ mọ rúùlù, ọwọ́ yín ni ò tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti Ọ̀mù-Àrán títí wá dé Ìlọrin níbí, àṣìṣe tí ọmọ tó ń ti oko bọ̀ wá sílé ìwé ń ṣe náà ni ọmọ Tanke tí wọ́n ti ń bá sọ Òyìnbó láti jẹ́lé-ó-sinmi ń ṣe, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé ti Tanke máa ń yára sọ tiẹ̀. Yorùbá ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ibi tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti pínyà ni ọwọ́ wa ti ń yẹ̀, ibẹ̀ ò sì pọ̀ tó bí àwọn ìwé gírámà ṣe ń jẹ́ ká rò.

Ẹ jẹ́ ká mú ti "he goes". Ní Yorùbá, mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, wọ́n lọ. "Lọ" yẹn ò mira rárá, ẹni yòówù kó lọ, ìgbà yòówù kó lọ. Tá a bá fẹ́ sọ ìgbà, a máa ń ju ọ̀rọ̀ kékeré kan síwájú ẹ̀ ni, mò ń lọ, mo ti lọ, màá lọ, "lọ" á ṣì wà bó ṣe wà. Ẹni tó ti ń sọ báyìí látìgbà tó ti ń rá, tí wọ́n wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó máa yí ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí ẹni tó ń ṣe é, kò lè tètè mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Àfáà, kò yẹ kó jọ yín lójú, torí Lárúbáwá ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kọ̀wé, "kataba". Obìnrin kọ̀wé, "katabat". Èmi kọ̀wé, "katabtu". Wọ́n kọ̀wé, "katabuu". Ẹ ò bi mùdárísù yín rí pé kí ni "t" ń wá nídìí "katabat", ẹ kàn gbà pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú ẹ̀ láyé àtijọ́, oríṣiríṣi ìrù ló wà nídìí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn nígbà yẹn, wọ́n ti já èyí tó pọ̀ jù dànù. Nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń ṣe nǹkan, "s" yìí ló ṣẹ́ kù, he, she, it, tàbí ohunkóhun tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó bá jẹ́ nǹkan tí wọ́n máa ń ṣe nísinsìnyí tàbí lójoojúmọ́. Kò bá "s" ti "books" tan rárá. Àwọn méjèèjì kàn jọ ara wọn ni, bí ẹ bá ti ya wọ́n sọ́tọ̀ nínú orí yín, ìdajì wàhálà yẹn ti lọ.

Àwọn tíṣà kan máa ń kọ́ ọmọ pé "s" kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, tí kò bá sí lára ọ̀rọ̀-orúkọ kó wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe, "the boy goes", "the boys go". Ó dáa, mo máa ń lò ó fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tan èèyàn, torí "children" ò ní "s" síbẹ̀ "children go" ni, "bus" sì ní "s" síbẹ̀ "the bus goes" ni. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ bi ara yín pé, ta gan-an ló ń ṣe nǹkan yìí, ẹyọ kan ni àbí púpọ̀? Ibi tó ti máa ń mú àwọn tó gbọ́n gan-an ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá wọ àárín. "The price of tomatoes in Ìpata market have gone up." Ojú wọn ti bá "tomatoes", wọ́n gbàgbé pé "price" là ń sọ, tòmátì kọ́ ló gòkè, iye ẹ̀ ni, nítorí náà "has gone up". "Everybody", "each of the boys", "one of my friends" náà, ẹyọ kan ni gbogbo wọn, bí èrò tiẹ̀ kún ibẹ̀ bí ọjọ́ Iléyá.

Ó wá kan "I didn't went", èyí ló wù mí jù nínú ìbéèrè yín, torí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ yé, bí àṣìṣe márùn-ún mẹ́fà ló máa bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ padà sí Lárúbáwá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ọkùnrin kan ò kọ̀wé, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lo "lam", ṣé ẹ máa sọ pé "lam kataba"? Ẹ ò jẹ́ sọ ọ́, ọmọ ìdádì tó ṣì wà lábẹ́ tánáwì gan-an á rẹ́rìn-ín. "Lam yaktub" ni. "Lam" ti gbé àná yẹn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ò tún gbọ́dọ̀ gbé e mọ́. Ohun tí "did" ń ṣe náà nìyẹn gẹ́lẹ́. "Did" ti sọ pé àná ni, "went" náà tún ń sọ pé àná ni, ẹrù kan ṣoṣo lẹ gbé lé èèyàn méjì lórí. Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀: nínú ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ léra, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló ń ru ìgbà, òun náà ló sì ń yí padà fún ẹni tó ń ṣe nǹkan. Àwọn tó kù á dúró jẹ́ẹ́. "I didn't go." "Does he go?" kì í ṣe "Does he goes?", torí "does" ti gba "s" yẹn mọ́ra, "go" ò ní nǹkan kan láti gbà mọ́. "She doesn't know", kì í ṣe "doesn't knows". "He can speak", "he must come", "he will buy", gbogbo àwọn "can", "must", "will", "should" yìí, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé wọn ò gbọ́dọ̀ ní ìrù kankan. Lẹ́yìn "to" náà bẹ́ẹ̀, "I wanted to go", ẹ máa rí ẹni tó ń kọ "I wanted to went" torí ó ń rò pé bí ọ̀kan bá ti wà lánàá kí gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sánàá. Rárá o. "Wanted" ló ń rù ú.

Ẹ ò ní ṣàìbi mí pé "has gone" ńkọ́, "is going" ńkọ́, ṣebí "gone" àti "going" yí padà. Wọ́n yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà ni wọ́n ń rù. "Have" àti "has" máa ń fẹ́ irú kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà gbogbo, gone, seen, written, eaten, "is" àti "was" sì máa ń fẹ́ "-ing" nígbà tí nǹkan bá ń lọ lọ́wọ́. Èyí tó ń yí padà fún ẹni àti ìgbà, òun ṣì ni ti àkọ́kọ́ yẹn, has, had, is, was. Ẹ wo "My father have travelled" tiyín: "travelled" dáa, kò ní wàhálà. "Have" ló wà níwájú, bàbá yín ẹyọ kan ni, nítorí náà "has". Irú kẹta yìí kì í ṣe ohun tí mo lè fi ọgbọ́n kankan là fún yín, àkọ́sórí ni, go, went, gone, take, took, taken, ibi tí mo ti gbà pé kéèyàn kó nǹkan sórí nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti há súrà sórí, kí ni ìyẹn?

Bírò pupa kejì ni "they". Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà nìkan, ilé tí wọ́n ti tọ́ yín dáadáa ló ń fa èyí. Bàbá yín kì í ṣe "ó" lẹ́nu yín, "wọ́n" ni, nígbà tẹ́ ẹ sì fẹ́ kọ ọ́ lÓyìnbó, "they" ló jáde. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mi kọ èsé nípa Iléyá, ó ní "The Emir came out from Yidi, they were wearing white and they waved their hand to us." Mo bi í pé àwọn mélòó ló wọ funfun. Ó wò mí, ó ní, "Àwọn nìkan ni, ma." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ọmọ yìí ò ṣe nǹkan tó burú, ó kàn ń fi Òyìnbó dọ̀bálẹ̀ ni, Òyìnbó ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ nínú "he". Bàbá ẹni ni "he", Ẹ́míà ni "he", ọmọ ọwọ́ ni "he", kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ó máa ń ti èèyàn lójú, mo mọ àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé orúkọ bàbá ẹ̀ ló máa ń tún kọ léraléra kó má bàa kọ "he", ìyẹn náà ò burú, ṣùgbọ́n èsé á kàn wúwo. Sẹ́ńtẹ́ǹsì yín á wá jẹ́ "My father has travelled, and he will be back the day after tomorrow." Ti "next tomorrow" yẹn, ẹ ṣì dúró ná.

Níwọ̀n ìgbà tá a ti wà lórí "ó", ẹ ṣọ́ra fún "he" àti "she". "Ó" kan ṣoṣo là ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ "My wife, he is not around." Ẹ̀yin ní "huwa" àti "hiya" nínú Lárúbáwá, ẹ ò yẹ kẹ́ ẹ ṣe àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n Lárúbáwá náà lè tàn yín lápá kan, torí oòrùn jẹ́ obìnrin níbẹ̀, lÓyìnbó "it" ni oòrùn, "it" ni ilé, "it" ni mọ́tò. Òmíràn tó tún ti ọ̀dọ̀ Yorùbá wá ni "ara wọn". Tọkọtaya fẹ́ràn ara wọn, àwọn èèyàn á kọ "they love themselves", ìyẹn sì túmọ̀ sí pé oníkálukú fẹ́ràn ara tiẹ̀, kò wo ti ìyàwó. "They love each other" ni. Mo ti rí i lórí káàdì ìgbéyàwó tí wọ́n fowó gidi tẹ̀.

Àwọn kéékèèké kan tún wà tí mo máa sáré mẹ́nu bà. Yorùbá gbà kéèyàn sọ pé "mo ti rí i lánàá", Gẹ̀ẹ́sì ò gba "I have seen him yesterday", bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ìgbà tó ti kọjá, yesterday, last week, in 2019, ẹ yọ "have" kúrò, "I saw him yesterday". Yorùbá ń fi "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" bẹ̀rẹ̀, á tún fi "síbẹ̀" tàbí "ṣùgbọ́n" sí àárín, Gẹ̀ẹ́sì ń mú ọ̀kan níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti lo "although" kẹ́ ẹ má lo "but" mọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé "Haven't you eaten?" tẹ́ ẹ ò sì tíì jẹun, "No" ni ìdáhùn, àwa máa ń sọ "Yes" torí à ń gbà fún ẹni tó bi wá pé bó ṣe sọ ọ́ ló rí. "Furniture", "equipment", "advice", "information", "luggage", kò sí èyí tó ń gba "s" nínú wọn, bó ti wù kí àga kún pálọ̀ tó.

Ti "a" àti "an" máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí wọ́n kọ́ gbogbo wa pé a, e, i, o, u ló ń gba "an", irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìró tó bá jáde lẹ́nu ni ẹ máa wò, lẹ́tà kọ́. "A university", torí "yu" ló ń dún. "An hour", torí "h" yẹn ò dún rárá. Àwọn tẹ́ ẹ máa nílò jù nìyí: "a WAEC result", torí bí ọ̀rọ̀ kan la ṣe ń pè é, "w" ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, "an NCE certificate", torí "ẹ́n" lẹnu ń kọ́kọ́ mú, "a UTME candidate", torí "yu" náà ni.

Ohun tí àwọn tíṣà kì í sábà sọ ni pé apá kan nínú àṣìṣe wa, etí ló ń fà á. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi kọ́ńsónáǹtì bíi k, t, s, d parí, fáwẹ̀lì ló máa ń parí ẹ̀, tàbí kó gba imú jáde. Nígbà tí a bá yá ọ̀rọ̀ wọn, a máa ń fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn, bọ́ọ̀lù, báàgì, tí a ò bá sì tì í, a máa ń gé e. "Asked" di "ask", "supposed to" di "suppose to", "he used to" di "he use to", "it costs" di "it cost". Ẹni tí kì í gbọ́ "d" yẹn, kò lè rántí kọ ọ́, kì í ṣe pé kò mọ rúùlù. Ìdí tí mi ò fi gba àwọn tó ń sọ pé kéèyàn kàn máa gbọ́ rédíò Òyìnbó ṣáá nìyẹn, rédíò dáa fún etí ní gbogbogbòò, ṣùgbọ́n àwọn ìrù yìí ló máa ń sáré kọjá jù. Kíkà sókè ló ń wo eléyìí. Ẹ mú abala ìwé ìròyìn kan, ẹ kà á sókè, ẹ mú ẹnu yín kan gbogbo "-ed" àti "-s" tó wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń ka Kùránì pẹ̀lú tájùwídì, ìlànà bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìkankan bọ́. Ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń fún háràfù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ ẹ̀, ẹ̀bùn tí àwọn ọmọ mi ní sẹ́kọ́ńdìrì ò ní nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdánwò. Èsé WAEC, máàkì àádọ́ta ni: content mẹ́wàá, organization mẹ́wàá, expression ogún, mechanical accuracy mẹ́wàá. Inú èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ti ń yọ ààbọ̀ máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, kò sì lè ju mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ lọ. Mo sọ èyí torí mo ti rí àwọn tí ẹ̀rù gírámà ń bà débi pé wọ́n kọ ìlàjì ojú ìwé kan, wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má bàa ṣì í. Wọ́n ní kí ó tó ọ̀rọ̀ 450 ó kéré tán. Ẹni tó kọ díẹ̀ tó mọ́ tónítóní á pàdánù nínú content àti organization ju ohun tí ẹlòmíràn á pàdánù nínú àṣìṣe lọ. Ẹ kọ ọ́ kún, ẹ fi sẹ́ńtẹ́ǹsì kúkúrú kọ ọ́, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ìgbẹ̀yìn padà wá ẹni tó ń ru ẹrù nínú sẹ́ńtẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní lẹ́sìnnì, ó dáa tí tíṣà ibẹ̀ bá ń ka ohun tẹ́ ẹ kọ, tó bá jẹ́ pé past question nìkan ló ń yanjú lójú bọ́ọ̀dù, owó yín ni yóò lọ, èsé yín á wà níbi tó wà. Fóònù náà wúlò, àwọn app tó ń tún Òyìnbó ṣe máa fi àṣìṣe hàn yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kàn bá yín tún un ṣe kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ bi ara yín pé kí ló dé tó fi yí i, torí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú un wọ gbọ̀ngàn. Ẹ má sì kọ Yorùbá síbẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó túmọ̀ ẹ̀ fún yín, kò mọ "ó" tẹ́ ẹ ní lọ́kàn, á kàn méfò "he" tàbí "she". Èyí tó wúlò jù lójú tèmi ò ná yín lówó: ìwé kékeré kan tó jẹ́ pé àṣìṣe tiyín nìkan lẹ máa ń kọ sínú ẹ̀, èyí tí bírò pupa ti kàn, àti bó ṣe yẹ kó jẹ́. Ìwé gírámà máa kọ́ yín ní àṣìṣe gbogbo ayé, tiyín gan-an ò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ti "next tomorrow", ẹnikẹ́ni tó bá fi bú yín, ẹ sọ fún un pé ní 2020, Oxford English Dictionary kó àwọn ọ̀rọ̀ tiwa kan wọlé, "next tomorrow" wà níbẹ̀, "okada", "danfo" àti "tokunbo" náà. Kì í ṣe àṣìṣe nítorí pé ará ìlú London ò sọ ọ́. Èmi náà ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì lè má fẹ́ ẹ, ìwé ìdánwò kọ́ la ti ń jà á, ẹ kọ "the day after tomorrow" kẹ́ ẹ sì máa sọ "next tomorrow" lójà.

Ibi tí apá mi ò ká ni in, on, at, for, of. "Good at", "afraid of", "married to", "congratulate someone on", kò sí ìdí tí mo lè sọ fún yín tó máa dúró, àwọn tó ń sọ pé àwọn ní rúùlù ẹ̀, rúùlù náà máa ń já lẹ́yìn sẹ́ńtẹ́ǹsì mélòó kan. Kíkà ló ń fi í sára, díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má tíì pé kẹ́ ẹ tó jókòó WAEC. Ẹ kọ́ wọn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú wọn, ẹ kọ "afraid of" bí ọ̀rọ̀ kan, ẹ má kọ "afraid" nìkan sílẹ̀. Ti orals, pẹpa kẹta tí wọ́n ti ń wo bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, pàápàá "v", "z" àti "th" tí kò sí nínú Yorùbá, ẹ fi ìbéèrè ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì fi èsé kan tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ, tí fóònù ò tíì bá yín tún ṣe, sọwọ́ pẹ̀lú ẹ̀.